Ta Ló Fún Ọ Ní Irúgbìn Yìí?

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń ṣú bọ̀, ẹni tó bá gba Ọjà Ọba kọjá nílùú Òṣogbo, nítòsí ààfin Àtáọ́ja, yóò rí àwọn ìyá kan tí gbogbo ọjà wọn kò kún àtẹ kan. Agolo tòmátò kékeré ni òṣùwọ̀n wọn. Wóró ṣọkọ ń dán dúdú lórí àtẹ. Wóró ewédú rí bí erùpẹ̀ tí a jọ̀. Kóró ilá wà lọ́tọ̀, ẹ̀gúsí bàrà wà lọ́tọ̀.

Mo ra ṣọkọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Kó tó wọ̀n ọ́n fún mi, ó bi mí pé, "Ẹ̀yìnkùlé lẹ fẹ́ gbìn ín sí ni, àbí àkùrọ̀?" Mo ní ẹ̀yìnkùlé ni. "Ṣé omi wà níbẹ̀?" Mo ní a ní kànga. Ìgbà yẹn ló tó ki agolo bọ inú wóró. Nígbà tó dà á sínú ọ̀rá tán, ó fi ìka mẹ́ta bu wóró tẹ̀tẹ̀ díẹ̀, ó fi lé e fún mi lọ́tọ̀. "Èènì yín nìyẹn. Bó bá hù, ẹ wá sọ fún mi. Bí kò bá hù, ẹ tún wá sọ fún mi."

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ìyá náà ti kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ lónìí nípa bí a ṣe ń gba irúgbìn àti bí a ṣe ń fún ni. Ó wádìí ibi tí irúgbìn rẹ̀ ń lọ. Ó fún mi ní ju ohun tí mo san owó rẹ̀ lọ. Ó sì ní kí n padà wá jábọ̀. Àwa tí a ń dáko ẹ̀yìnkùlé kì í ra èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn wa. Ọwọ́ ara wa la ti ń rí i: láti ojúlé sí ojúlé, láti Òṣogbo dé Iléṣà, nínú ọ̀rá, nínú ìgò, ní etí gèlè. Kò sẹ́ni tó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u yóò mọ̀, nítorí pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kò ní rí ẹni tí yóò fún un mọ́.

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo òfin náà: irúgbìn tí o fún ẹlòmíràn kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ibi ìpamọ́ mìíràn lo wá fún un.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá tó bí mi. Yèyé ni wọ́n ń pe ìyá lọ́dọ̀ wọn, Yèyé náà ni mo sì ń pè é. Nígbà tó wá sílé ọkọ l'Óṣogbo, ó mú awùjẹ kan dání láti oko bàbá rẹ̀, funfun tó ní àmì pupa lára, tí ń gun ọ̀pá bí iṣu. Ó bù ú fún ìyá kan tí ilé wọn kò jìnnà. Lọ́dún kan, ìdérí ìgò awùjẹ tiwa kò dé dáadáa. Kòkòrò wọ inú rẹ̀, nígbà tí a sì dà á sórí àtẹ, ìyẹ̀fun ló kù. Yèyé kò sunkún, kò sì wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ilé ìyá yẹn, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gba ìkúnwọ́ méjì bọ̀. Bí ó bá ti ní ahun lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni awùjẹ ilé bàbá rẹ̀ ìbá parí sí lọ́dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ ńláńlá àgbáyé gan-an ń ṣe ohun tí Yèyé ṣe. Ní ọdún 2008, orílẹ̀-èdè Nọ́wè ṣí àká irúgbìn kan sínú òkè tó ti di yìnyín ní Svalbard, ní ìhà àríwá ayé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà n'Íbàdàn láti 1967, tí ẹ̀wà tó wà ní àká rẹ̀ lé ní irú 15,000, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kó irúgbìn lọ síbẹ̀ ló ṣì ni ín. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tú àpótí rẹ̀. Nígbà tí ogun Síríà dé ìlú Aleppo, ilé iṣẹ́ ìwádìí ICARDA tí àká rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀ kò lè máa bá iṣẹ́ lọ mọ́. Ní 2015, wọ́n lọ gba díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n fi pa mọ́ ní Svalbard. Wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, ó so, nígbà tó sì di 2017, wọ́n dá irúgbìn tuntun padà síbẹ̀. Ìgò tí kò dé dáadáa ni ti Yèyé, ogun ni tiwọn, ọgbọ́n kan náà ló kó wọn yọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń tọrọ. Àkọ́kọ́ ni pé kí a ya ọlọ́jà sọ́tọ̀ kúrò lára aládùúgbò. Ìyá tó pàtẹ irúgbìn ní Ọjà Ọba tàbí ní ọjà Atakúnmọ́sà n'Íléṣà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló wà lórí àtẹ yẹn. A kì í sọ fún un pé, "Màmá, ẹ kàn bù díẹ̀ fún mi." A ó ra tirẹ̀, a ó sì dúró de èènì. Tinútinú ni èènì. Ẹni tó bá fi agídí bèèrè rẹ̀ ti sọ ọ́ di owó orí. Bí ìwọ náà bá ní irúgbìn tí kò sí lórí àtẹ rẹ̀, mú un dání. Mo ti rí i tí ìyá kan ti owó padà sọ́wọ́ oníbàárà nítorí pé oníbàárà náà mú wóró ọ̀dù tó gbẹ dáadáa wá fún un. Pàṣípààrọ̀ nìyẹn, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Ti aládùúgbò yàtọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó ń pa èso, tó ń yan èyí tó dára. Bí òjò bá ti rọ̀ tán, tó ti dúró ti ebè rẹ̀ pẹ̀lú irúgbìn lọ́wọ́, ohun tó ṣírò sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ojú lè tì í láti sọ pé kò sí. Gbé ohun tí wàá fi gbà á dání. Má ṣe sọ iye tí wàá gbà, jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú. Má sì wọ ọgbà onílé nígbà tí kò sí nílé láti já ilá tó gbó lórí igi. Ilá tí o rò pé wọ́n gbàgbé yẹn lè jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún irúgbìn. Àwọn mìíràn a máa so òwú pupa mọ́ ọn kí àwọn ọmọ ilé má baà já a sọ́bẹ̀.

Ẹni tí kò ní irúgbìn kankan láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ kò gbọdọ̀ tijú. Àwọn bàbá wa ní àáró: wá bá mi ro tèmi lónìí, n ó bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ́ tó bá bá ìyá àgbà pọn omi sí ebè fún ọ̀sẹ̀ kan ti san owó irúgbìn ọdún kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, orí pẹpẹ gan-an ni irúgbìn wà, nínú akèrègbè gan-an ló sì wà.

Iṣẹ́ ẹni tó ń fún ni ló tóbi jù, òtítọ́ sì ni olórí rẹ̀. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ẹ̀bù, tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Nínú irúgbìn, ẹlòmíràn ló máa ń bá wa jẹ irọ́ náà. Yóò ro ilẹ̀, yóò da ajílẹ̀ sí i, yóò pọn omi, yóò sì fi òjò ọdún kan ṣòfò. Nítorí náà, sọ ọdún tí o ká a. Bó bá ti pẹ́, dán an wò kí o tó fún ènìyàn: ka wóró mẹ́wàá, fi aṣọ tútù wé e, gbé e síbi tó móoru díẹ̀, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí mẹ́jọ bá hù, fún un pẹ̀lú ìdùnnú. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ló hù, sọ bẹ́ẹ̀, kí ó lè gbìn ín pọ̀.

Irúgbìn tútù kọ́ la ń fún ni. Kóró tí èékánná bá ṣì lè tẹ̀ wọlé kò tíì gbẹ. Bí a bá dì í sínú ọ̀rá, yóò bu. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ní ìlànà kan tó rọrùn láti rántí: bí ọ̀rinrin inú irúgbìn bá dín ní ìdá 1 nínú 100, iye ìgbà tí yóò fi wà láàyè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń so àgbàdo kọ́ sókè àdògán, tí wọ́n ń po ẹ̀wà mọ́ eérú tàbí ata gbígbẹ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú akèrègbè. Iná àti èéfín ń gbẹ omi ara rẹ̀, wọ́n sì ń lé kòkòrò.

Sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oko pẹ̀lú. Ẹ̀wà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú láti inú òdòdó tirẹ̀, kì í sábà yí padà. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, àwọn tó ń ṣe irúgbìn àgbàdo fún títà sì máa ń fi àyè tó tó 200 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín irú méjì. Ta ló ní 200 mítà lẹ́yìnkùlé l'Óṣogbo? Oyin náà ń gbé ti ata rodo lọ bá ṣọ̀ǹbọ̀. Ata tó so lọ́dún yìí kò ní yí padà lójú rẹ, inú kóró rẹ̀ ni ìyípadà náà sá pamọ́ sí, ó di oko ẹni tó bá gbìn ín kó tó jáde. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí o bá ti sọ ọ́: "Ata mi yìí, ṣọ̀ǹbọ̀ wà nítòsí rẹ̀ o." Bákan náà ni irúgbìn tí a rà nínú páálí iléeṣẹ́, tí wọ́n fi irú méjì ṣe. Ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́ tán. Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èyí tó wá léwu jù ni irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa lára, tí wọ́n pa láró pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Májèlé ni. A kì í bù ú sínú agolo ilé ìdáná, a kì í dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ebi lè mú kí ẹnikẹ́ni sè. Bí o bá fẹ́ fún ènìyàn, jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ ketekete.

Gbogbo ohun tí a ń gbìn kọ́ ló ní wóró. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ní oko kòkó mọ worowo, ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn ibòji abẹ́ igi. Ẹ̀ka rẹ̀ la ń gé gbìn, bíi ti ewúro, bíi ti ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka fún ọ lè gé àìsàn mọ́ ọn. Ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ rún, tí àwọ̀ ìyeyè dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lára rẹ̀, ó ti ní àrùn mòsáíìkì, igi rẹ̀ yóò sì gbé àrùn náà lọ sí oko tuntun. Nítorí náà, nígbà tí ewé ṣì wà lórí igi ni kí a ti lọ wo ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ tọrọ, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ti dì í ní ìdì, tí kò sí ewé tí ojú lè fi dá a mọ̀.

Mo fẹ́ sọ àṣìṣe tèmi. Mo fún aládùúgbò mi kan ní wóró ewédú. Ó gbẹ, kò pẹ́, ó mọ́ tónítóní. Aládùúgbò náà gbìn ín, ó pọn omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta péré ló hù. Kò bá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé ìkíni rẹ̀ kúrú. "Ẹ kú àárọ̀" rẹ̀ kò tún ní "ṣé dáadáa la jí" nídìí mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó rò pé mo ti mọ̀ pé wóró náà ti kú kí n tó fún un. Ohun tí mo gbàgbé láti sọ ni pé èèpo ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́. A ó gbé omi híhó sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, a ó ri aṣọ náà sínú rẹ̀, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, a ó sì fà á yọ kíákíá. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, ká tó fọ́n ọn. Èmi ti ń ṣe é láti kékeré débi pé n kò kà á sí ìmọ̀ mọ́. Mo lọ bá a, mo tọrọ àforíjì, mo sì gbé ìkòkò omi náà kaná níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé irúgbìn tí a kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún un, ààbọ̀ irúgbìn ni.

Ó ku ìṣe ẹni tó gbà á. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, torí pé onígbèsè kò ní rí ẹ̀yìn wọn. Wọn á lóṣòó sílẹ̀ títí wọn yóò fi gba owó wọn. Gbèsè wà lórí irúgbìn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lóṣòó gbà á. Òjò lè kọ̀, adìẹ lè tú u. Ẹni tó fún ni kì í bèèrè, ẹni tó gbà á ni kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bó bá so, a ó yan igi mélòó kan tó dára jù, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti jẹ èyí tó dára tán. A ó pa kóró wọn, a ó sì bù lára rẹ̀ padà. Bí kò bá so, a ó lọ sọ fún un. Ìròyìn àìhù náà ṣe pàtàkì, torí òun ni yóò jẹ́ kí onírúgbìn yẹ ìgò rẹ̀ wò kó tó fún ẹlòmíràn.

Kí a sì máa fi orúkọ ẹni tó fún wa pè é. Nínú ilé wa, a ní "ilá Ìyá Ẹlẹ́kọ", a ní "awùjẹ Yèyé". Kì í ṣe pé àwọn ni wọ́n dá a. Àgbàdo, ata àti ẹ̀gẹ́ gan-an, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rìn wá ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ilá àti ẹ̀wà wa náà sì bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. A ń pe orúkọ náà ká lè mọ ẹni tí a ó padà lọ bá. Ẹni tó gba irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá lọ ń tà á bí ohun tó fúnra rẹ̀ ṣàwárí, ti ba ọ̀nà ìpadà yẹn jẹ́. Bí a bá tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di òwò, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti aládùúgbò: ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí irúgbìn ní 2019, wọ́n sì ṣe òmíràn ní 2021 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń mú irú ohun ọ̀gbìn tuntun jáde.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń bèèrè ewédú àti ṣọkọ. Ìfẹ́ ilé ni, ṣùgbọ́n kí a má fi í pa mọ́ sínú gèlè nínú báàgì ẹbí tó ń lọ. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé irúgbìn kò ní àrùn, àjọ tó ń mójú tó o ní pápákọ̀ òfuurufú wa sì wà fún un. Bí a kò ṣe fẹ́ kí aládùúgbò kó mòsáíìkì wọ oko wa ni àwọn náà kò fẹ́ kí a kó kòkòrò wọ tiwọn.

Ní òpin òjò ọdún tó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi tó ń lọ sí girama gbé ìgò kékeré kan wá sílé wa. "Mọ́mì ní kí n kí yín dáadáa, ẹ gba eléyìí." Wóró ewédú ni, ó gbẹ, ó kún dé ọrùn. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ìgò náà lára, ìkọ̀wé ọmọ náà ló wà lórí rẹ̀: orúkọ mi, oṣù tí wọ́n ká a, àti lábẹ́ rẹ̀, "Omi híhó. Ka ení dé ẹ̀wá."